Ọjọ́ tí Táyà Tuntun Dójú Tì Mí Lójú Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí táyà máṣíìnì ṣe dójú tì mí lójú ìyá ìyàwó mi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, mo ti gbà. Gbogbo ará ilé mi ti rín tiwọn tán, ó ku ẹ̀yin.

Tíṣà ni mí. Ìkirè ni mò ń gbé, Àpòmù ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Máṣíìnì ni mo fi ń lọ, òun náà ni mo fi ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mo fẹ́ràn máṣíìnì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ kí n dá òun lóhùn, àfi kí òun kọ́kọ́ fọn fèrè.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ń parí lọ, táyà ẹ̀yìn jẹ tán. Eyín kan ṣoṣo ò kù lára rẹ̀, ó ń dán bí orí ọ̀gá ilé-ìwé wa. (Kí ọ̀gá mi má ka èyí o!)

Mo bá gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa táyà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kà á. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé táyà tí rọ́bà rẹ̀ bá le máa ń pẹ́ kó tó jẹ. Ó tán! Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òjò àti ẹrẹ̀, mo fò ó. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣebí òjò ò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Àpòmù tó ń ta táyà lẹ́bàá títì, Alhaja la máa ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú, Alhaja jókòó sí i, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Mo dé ibẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní táyà tó le jù.

Dípò kí wọ́n dìde, ìbéèrè ni wọ́n ń bi mí. Ọ̀nà wo ni mo máa ń gbà? Mo ní ojú títì, láti Ìkirè sí Àpòmù. Ṣé mi ò kì í wọ ọ̀nà oko? Mo ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní Sátidé. Ta ni mo máa ń gbé sẹ́yìn? Háà! Ṣé táyà ni mo wá rà ni, àbí ọmọ wọn ni mo wá fẹ́?

Wọ́n tọ́ka sí táyà kan tí eyín rẹ̀ tóbi, tí àlàfo wà láàárín eyín kan sí èkejì. Wọ́n ní èyí ló máa di ilẹ̀ mú fún mi, yálà lójú títì tàbí nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní èyí tí mo ń wá yẹn, tàwọn tí kì í kúrò lójú títì gbígbẹ ni, pé bí ilẹ̀ bá ti tutù báyìí, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀.

Mo bi wọ́n pé èwo ló máa pẹ́ jù nínú méjèèjì. Wọ́n ní tèmi ni. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Alhaja wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Kò burú. Ọ̀nà á kọ́ ẹ̀yin náà."

Mo rò pé àwàdà ni!

Ibi tí mo tún ti bà á jẹ́ ni ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Mo ní kó fún táyà náà ní atẹ́gùn títí yóò fi le gbagidi, torí mo ti fi ọgbọ́n orí mi rò ó pé bó bá ṣe le sí ni yóò ṣe pẹ́ sí. Ó ní atẹ́gùn náà ti pọ̀ jù. Mo ní kó máa fún un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó mi wàyí. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń dín, dòdò tiwa yẹn tó dúdú, tó ta lẹ́nu, táwọn arìnrìn-àjò kì í lè rí kí wọ́n má dúró. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ọdún mẹ́fà tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọn ò gun máṣíìnì mi rí. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé wọn, wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ò tí ì rẹ̀. Ó máa ń dùn mí o. Ta ni kò fẹ́ kí ìyá ìyàwó òun fọkàn tán òun?

Ó wá di Sátidé kan. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní ìdájí. Mo kàn rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà wa, ọ̀rá oògùn lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ń gbé ní abà kan lọ́nà Ìkirè-Ilé. Wọ́n ránṣẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n náà ti tán láti ọjọ́ méjì, òòyì sì ti ń kọ́ wọn. Kò sí mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ bí kò bá ṣe ọjọ́ ọjà.

Wọ́n ní, "Bàbá Ìbùkún, ṣé máṣíìnì yín á lè gbé wa débẹ̀?"

Inú mi dùn! Mo ní, "Màmá, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀rù. Táyà tuntun ni! Ó le bí òkúta!"

Lójú títì, kò sí wàhálà. Màmá di ẹ̀wù mi mú bí ẹni di ewúrẹ́ tó fẹ́ já mú. Ìgbà tí a yà sí ọ̀nà oko ni máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ ijó. Ó fì sọ́tùn-ún, Màmá dá orin ìsìn. Ó fì sósì, wọ́n fi orin sílẹ̀, wọ́n bọ́ sínú Sáàmù.

A wá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó lọ já sí odò kékeré. Afárá onípákó ni wọ́n tẹ́ sórí odò náà, kò ní ìgbáralé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ti kún, ó pọ́n. Mo tẹ bíréèkì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yìn máṣíìnì ní òun ò gba tèmi mọ́. Ó yí sósì, ó sì ń fà mí lọ sí etí odò. Mo ṣubú, máṣíìnì ṣubú, àwa méjèèjì ń yọ̀ lọ lórí ẹrẹ̀. Nígbà tí a dúró, ibi tí ẹsẹ̀ mi wà sí etí omi ò ju gígùn apá kan lọ.

Mo bojú wẹ̀yìn. N kò rí Màmá.

Mo wo inú odò. N kì í ṣàwàdà ní ibi tí mo dé yìí o. Gbogbo ohun tí mo lè rò ni pé báwo ni n ó ṣe wọlé lọ bá ìyàwó mi. Mo figbe ta: "Màmá! Màmá!"

"Kí ló dé?"

Wọ́n wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀, wọ́n dúró sórí koríko, ọ̀rá oògùn lọ́wọ́, ẹrẹ̀ kò ta sí ìró wọn. Ìgbà tí máṣíìnì kọ́kọ́ yọ̀ ni wọ́n ti bẹ́ sílẹ̀. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún!

Wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ sọ ọmọ mi di opó ni?"

Ẹ gbọ́ "ìwọ" yẹn? Láti ọdún mẹ́fà, "ẹ̀yin" ni wọ́n ń pè mí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ di "ìwọ". Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lórúnkún mi, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi di í fún mi. Ojú tì mí ju bí orúnkún ṣe ń ro mí lọ.

Mo yọ díẹ̀ lára atẹ́gùn táyà náà, mo sì ti máṣíìnì kọjá afárá. Màmá ò gùn ún mọ́. Iwájú ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, èmi ń wọ́ tẹ̀ lé wọn lórí máṣíìnì bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ gómìnà. A dé abà, ẹ̀gbọ́n lo oògùn, wọ́n sinmi, òòyì náà sì rọlẹ̀. Nígbà tí a ó fi kúrò níbẹ̀, Màmá ti fi ara ṣàpèjúwe bí mo ṣe ṣubú fún gbogbo abà, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe kúrò nílé-ìwé, ọ̀dọ̀ Alhaja ló yá. Ta ni mo bá níbẹ̀? Màmá! Wọ́n ti béèrè ibi tí mo ti ra táyà lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n ti wọ mọ́tò ṣáájú mi, wọ́n ti rò ó fún Alhaja látòkèdélẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

Màmá ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ irú tèmi, wọ́n ní, "Eléyìí ò tí ì pọ́n."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Màmá ti sọ ọ́ tán! Èyí tó bá rọ̀ jù á di ilẹ̀ mú bí ọwọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ jẹ. Èyí tó le jù á pẹ́, ṣùgbọ́n á gbé èèyàn ṣubú. Wọ́n ní ẹni tó ń gba títì àti oko pọ̀ bíi tèmi, àárín méjèèjì ni kó mú.

Wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́rin kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, pé méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún, torí rọ́bà máa ń darúgbó bí kò tilẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ ti iwájú náà, nítorí òun ló ń darí máṣíìnì. Kí n má sì fi sáré yà ní kọ́nà láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ara táyà tuntun ṣì máa ń yọ̀. Ní ti atẹ́gùn, iye tí ìwé máṣíìnì bá sọ ni kí n fi sí i, kì í ṣe iye tí orí mi bá sọ.

Màmá bi mí pé ṣé gbogbo èyí wà nínú fóònù mi. Mo ní ó wà níbẹ̀. Kí ló wá dé? Mo ní mo fò ó.

Alhaja pàtẹ́wọ́. "Subuhanallahi! Tíṣà fo ìwé!"

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti Màmá tún gun máṣíìnì lọ sí abà náà, táyà tí Alhaja yàn fún mi ló wà níwájú àti lẹ́yìn. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Mo gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, táyà di ilẹ̀ mú ṣinṣin, a kọjá. Nígbà tí à ń bọ̀, mo kàn rí i pé nǹkan wúwo lé mi lẹ́yìn. Mo fetí sílẹ̀. Màmá ń han-anrun! Mo dẹ eré kù pátápátá, mo fi ọwọ́ kan di ọwọ́ wọn mú níkùn mi, mo ń fa máṣíìnì lọ bí ìgbín títí wọ́n fi jí.

Nígbà tí a délé, wọ́n ní àwọn ò sùn o, àdúrà ni àwọn ń gbà. Mo ní, "Àmín, Màmá."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ó dára kí táyà pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gùn ún ló yẹ kó kọ́kọ́ pẹ́. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá sì ń bi yín níbèèrè, ẹ fara balẹ̀ dá a lóhùn, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Táyà wo ló ti ṣe yín léṣe rí, èwo ló sì gbè yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má bò ó o! Ṣé èmi nìkan ni n ó máa dá ẹrẹ̀ yìí jẹ ni?