Bàbá Báláú, Ọ̀gá Tí Kò Lè Jókòó Sílé

Kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yẹn láyé ìgbà náà tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀gá ilé ìfọṣọ wọ wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ bí ẹrù. Ọkùnrin méjì ló ń ti apẹ̀rẹ̀ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ táyà náà bọ̀. Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń kùn pé aṣọ ibùsùn ọjọ́ Ajé yìí mà wúwo o. Nọ́ọ̀sì àgbà mú aṣọ àkọ́kọ́, ó mú ìkejì, ó fẹ́ mú ìkẹta ló bá rí orí ewú. Orí náà ṣẹ́jú.

"Yéè! Mo gbé o!" Nọ́ọ̀sì fò sẹ́yìn. Abiyamọ kan gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá náà dìde jókòó nínú apẹ̀rẹ̀, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ti débí náà, ẹ bá mi wo aṣọ ọwọ́ yín yẹn. Ṣé ó funfun báláú, àbí kò funfun báláú?"

Ìbéèrè yìí ló sọ ọ́ ní Bàbá Báláú, ó sì ti ń jẹ́ ẹ kó tó wọ apẹ̀rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, kò sì sí aṣọ tó ń jáde tí kò ní kọ́kọ́ gbé síbi fèrèsé wò. Ṣùgbọ́n kí ló gbé àgbà ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta dé inú apẹ̀rẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Bàbá Báláú gbà pé bí iṣẹ́ bá dúró lọ́jọ́ tí ara ọ̀gá ò yá, kì í ṣe ọ̀gá ni wọ́n ní, ìdènà ni wọ́n ní. Nítorí náà, bí oṣù bá ti wọlé, á yí gbogbo wọn nípò padà. Ẹni tó ń fọṣọ á lọ sídìí áyọ́ọ̀nù, ẹni tó wà nídìí áyọ́ọ̀nù á lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù, ẹ má dán ilé ìwòsàn náà wò. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì mọ ẹ̀rọ lò fi omi gbígbóná fọ ẹ̀wù funfun dókítà oníṣẹ́ abẹ, ẹ̀wù náà sì sún kì títí ó fi di ti ọmọ iléèwé. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá Báláú gba ẹ̀wù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ bá dókítà fúnra rẹ̀.

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́, sà."

"Ẹ̀yin? Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni."

Ọmọ tó ba ẹ̀wù jẹ́ yẹn ló di ọ̀gá ìfọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Bàbá Báláú ló bá a kọ lẹ́tà, òun ló yá a ní bàtà dúdú tó wọ̀ lọ síbẹ̀. Alákòóso ilé ìwòsàn bínú. Ó ní òṣìṣẹ́ kẹrin rèé tí Bàbá máa kọ́ níṣẹ́ tán tí á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi yọ̀ ni, sà," Bàbá dáhùn. "Ọmọ tó kúrò nílé mi tó lọ kọ́ tirẹ̀, ṣé olè ni?"

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ léni lọ́wọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ tiwọn kúrò. Bó bá fa iṣẹ́ fún ẹ tán, á ní, "Mo ti lọ o," á wá lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ènìyàn ló sì máa ń rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bàbá, bàtà yín ń yọ."

"Bàtà ló kù síbẹ̀. Èmi ti lọ."

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe wá kan Àǹtí Jẹ́jẹ́. Ọdún mọ́kànlá lobìnrin yìí fi ń ká aṣọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé bó bá kí ọ káàárọ̀, ọ̀sán lo máa tó gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó máa wúkọ́ tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe é, kò sì sí wọ́ọ̀dù tí kò mọ iye aṣọ tí wọ́n ń lò. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí Bàbá Báláú fẹ̀yìn tì, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lo fẹ́ dà níbi iṣẹ́ yìí?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọ̀gá ni, sà."

"O ò bá mi ṣeré?"

"Láti ọdún kẹta ni mo ti ń fẹ́ ẹ, Bàbá. Kò sẹ́ni tó bi mí rí ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá Báláú wọra. Òun tó ń yí gbogbo ayé nípò, ìdí aṣọ kíká ló fi obìnrin yìí sí fún ọdún mọ́kànlá, nítorí kò sẹ́lòmíì tó ń ká aṣọ bíi tirẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló gba ọ̀dọ̀ alákòóso lọ.

"Obìnrin yẹn?" Alákòóso rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ariwo ẹ̀rọ? Mo ti rí ọkùnrin kan níta tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀, ògiri á mì."

Bàbá Báláú bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, kí Àǹtí Jẹ́jẹ́ dá darí ilé ìfọṣọ. Bí aṣọ bá wọ́n ní wọ́ọ̀dù kan péré, ọkùnrin olóhùn ńlá ló máa gbaṣẹ́. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Mi ò gbọdọ̀ rí yín níbẹ̀ o."

"Ẹ ò ní rí mi, sà."

Kò sì purọ́. Ta ló máa rí ẹni tó ká jọ sínú apẹ̀rẹ̀? Kí wọ́n tó ṣí iṣẹ́ ló ti wọlé síbẹ̀, kó lè máa gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ. Àwọn tó ń kó aṣọ kó o lé e lórí, àwọn tó ń ti apẹ̀rẹ̀ sì tì í lọ. Kò lè pariwo, kí Àǹtí Jẹ́jẹ́ má baà gbọ́. Ibi tí ìyókù ti ṣẹlẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé ìwòsàn ti gbọ́. Alákòóso sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìfọṣọ, Bàbá Báláú ń tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n mú.

"Ìdánwò ti bàjẹ́," alákòóso wí. "Ta ló mọ ohun tí bàbá yìí ń yọ́ sọ fún un láti inú apẹ̀rẹ̀? Ọkùnrin yẹn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Bàbá Báláú bọ́ síwájú. "Sà, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni. Ẹ má fi jẹ obìnrin yìí níyà."

Omijé ti lé sí Àǹtí Jẹ́jẹ́ lójú. Ó kọ́kọ́ kọjú sí Bàbá. "Bàbá, kí lẹ wá ṣe nínú apẹ̀rẹ̀?"

"Ọmọ mi, àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́."

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, Bàbá. Ọrùn mi ti le."

Ó wá yíjú sí alákòóso. Bó ṣe la ẹnu, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ pa á kó lè gbọ́ ọ. Ẹnì kejì pa tirẹ̀, ẹnì kẹta náà pa tirẹ̀. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan jáde, gbogbo ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sún sẹ́yìn. Aṣọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

Alákòóso wolẹ̀, ó fò sẹ́yìn.

"Ẹ tún sún díẹ̀ sí i, sà."

Ó tún sún.

"Ẹ ṣeun. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ti rí aṣọ gbà láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bàbá máa wà nílé."

Bàbá Báláú ò lè mú un mọ́ra. "Sà, ṣé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ àbí ẹ ò gbọ́?"

Alákòóso wo ibi tí wọ́n sún òun dé, ìtòsí ilẹ̀kùn. "Mo gbọ́," ó wí. "Àmọ́ ta ló máa ṣọ́ yín nílé?"

Ìyàwó Bàbá ló gba iṣẹ́ ìṣọ́ náà. Ó kó gbogbo bàtà ọkọ rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í pa. Kó tó di Ọjọ́rú, Bàbá Báláú ti fọ gbogbo kọ́tìnnì ilé, ó ti ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kiri láìwọ bàtà. Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin kan wá bẹ ìyàwó rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba ṣòkòtò baálé mi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kò tíì funfun, bẹ́ẹ̀ búlúù la rà á."

Aṣọ kò wọ́n ní wọ́ọ̀dù kankan lọ́sẹ̀ náà. Àǹtí Jẹ́jẹ́ di ọ̀gá, Bàbá Báláú sì fẹ̀yìn tì.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé e padà sí ilé ìwòsàn yẹn, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Àràárọ̀ ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń yà kí i kó tó wọṣẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Bàbá kú, ó bi í pé, "Lọ́jọ́ tí o ò bá sí ńkọ́, ta ló máa ṣe é?"

"Àwọn mẹ́ta ló lè ṣe é, Bàbá. Ẹni tó bá wu alákòóso ni kó mú."

"Mẹ́ta?" Ó gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. "Èmi, ìwọ nìkan ni mo rí."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde kó máa lọ. Ó wo ojú bàbá náà, ó tún jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, àmọ́ kò gbé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

"Ọ̀sán ti pọ́n," Bàbá Báláú wí. "Kò sì sẹ́ni tó wá pè ọ́."

"Wọn ò ní wá, Bàbá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ obìnrin náà.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa gan-an. Jókòó tì mí díẹ̀ sí i."