Ìyàwó Tó Di Òkúta

Ọdún 2018 ni ìyá mi wá kí wa láti Ìdánrè. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n dé sí, ní Steilshoop, ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá á jókòó sẹ́nu fèrèsé lókè téńté, wọ́n á máa wo ilé gogoro tó dojú kọ tiwọn. Èmi ń gbé Moabit, ní Berlin, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo bá ní n óò mú wọn jáde lọ́jọ́ Sátidé kan, ká lọ wo àwọn òkúta tí àwọn ará ayé àtijọ́ tò yí po nínú igbó, ní ìgbèríko tó wà láàárín ìlú méjèèjì.

"Òkúta?" ni Màmá wí. "O fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin gbé ọmọ Ìdánrè lọ wo òkúta?"

Àmọ́ wọ́n ti ń wá bàtà wọn.

A wọ ọkọ̀ ojú irin, a tún wọ bọ́ọ̀sì, awakọ̀ sì já wa sílẹ̀ létí igbó. A rọra ń rìn lábẹ́ igi títí a fi kan àwọn òkúta náà. Wọn ò ga ju ènìyàn lọ, ewéko wẹ́wẹ́ sì hù lára wọn bí irùngbọ̀n. Màmá wò wọ́n yíká.

"Ọmọ òkúta ni wọ́n ń pe irú èyí nílé wa o," ni wọ́n wí. Síbẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà. Ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá ń lọ. Bàtà bíbọ́ ò ṣòro fún wọn. "Ẹni tó to èyí ò tò ó lásán."

Ìyá àgbà kan, òyìnbó, jókòó sórí igi tó wó, ó ń mu kọfí. Màmá kí i: "Ẹ káàsán o!" Ìyá náà dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó kí wa padà lédè Jámánì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ibẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la máa ń sọ níbi iṣẹ́ mi, nítorí náà Jámánì mi ò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n mo túmọ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn òkúta náà jẹ́ ará ibi ìgbéyàwó kan. Wọ́n mu ọtí yó, ni wọ́n bá ń yí búrẹ́dì nílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Ohùn kan kìlọ̀ fún wọn, wọn ò gbọ́, gbogbo wọn bá di òkúta.

"Oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣeré?" Màmá mirí. "Wọ́n fọwọ́ ara wọn fà á. Ìyàwó ńkọ́? Bi wọ́n léèrè, èwo ni ìyàwó?"

Ọ̀rọ̀ méjì jọra lẹ́nu àwọn Jámánì: Braut ni ìyàwó, Brot ni búrẹ́dì. Ahọ́n mi yọ̀, Brot ni mo pè. Ìyá náà wò wá tàánútàánú, ó ṣí àpò rẹ̀, ó sì nawọ́ búrẹ́dì alára líle kan sí Màmá.

"Mo bèèrè ìyàwó, wọ́n fún mi ní oúnjẹ!" Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Èmi ò ní í fi ṣeré o."

Nígbà tí mo ṣàlàyé àṣìṣe mi, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó fa Màmá lọ́wọ́ lọ sídìí òkúta kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyókù lọ. Màmá fọwọ́ bà á. Ojú wọn yí padà.

"Ọmọ ọlọ́mọ," ni wọ́n wí. "Kò rí ẹni sìn ín délé ọkọ."

Ni wọ́n bá dá orin ìyàwó kan, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń jó yí òkúta náà ká láìbìkítà fún orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ìyá òyìnbó ń pàtẹ́wọ́, kò bá orin mu rárá, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Èmi náà gbè é.

Nígbà tí a padà sójú títì, bọ́ọ̀sì ò wá. A dúró títí, ó sú wa. Ọkọ̀ kékeré kan yọ, ìyá òyìnbó yẹn ló ń wà á, ó ní ká wọlé kí òun gbé wa dé ibùdókọ̀ ojú irin. Iwájú ni Màmá jókòó sí. Ọ̀kan ń sọ Yorùbá, èkejì ń sọ Jámánì, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó tún ní kí n túmọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti ṣí kí n tó rántí pé a ò bèèrè orúkọ rẹ̀.

"Èmi bèèrè," ni Màmá wí. Wọ́n gbìyànjú láti pè é, ó há wọn lẹ́nu, wọ́n tún gbìyànjú, ẹ̀rín pa wá. Lẹ́yìn náà wọ́n gbórí lé mi léjìká, wọ́n sùn lọ títí a fi dé Hamburg.