Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Ọwọ́ Awakọ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù tí Ẹnudùn ti ń ta láàpútọ́ọ̀pù, gbogbo ẹ̀rọ ló ní ìyá. Òṣìṣẹ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ̀rọ kan nínú páálí ni ìyá ẹ̀rọ náà. Wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé pélébé kan, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá tètè tà, wọn á ní ọmọ ti relé ọkọ, wọn á pàtẹ́wọ́. Bí ó bá pẹ́ lórí pẹpẹ, wàhálà dé nìyẹn. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, níwájú ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọn á bi ìyá léèrè pé, "Ọmọ yín ńkọ́? Ṣé kò tíì rí ẹni tó máa fẹ́ ẹ ni?" Àwàdà ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ṣe àwàdà ló mọ bó ṣe ń ta òun lára.

Ẹnudùn ni wọ́n fi ṣe é jù lọ́dún yẹn. Wọn kò ṣàdédé sọ ọ́ lórúkọ yẹn o, ẹnu rẹ̀ dùn lóòótọ́; ó lè ta òòyà fún apárí. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ kò lè tà. Àwọ̀ fàdákà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé ìròyìn tí a ṣẹ́ po, ó sì rẹwà débi pé ẹwà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn oníbàárà á gbé e, wọn á wo ojú ara wọn nínú ìdérí rẹ̀, wọn á sì gbé e padà síbi tó wà. Àwọn tó ń wá ẹ̀rọ géèmù kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó ń wá ẹ̀rọ ìkọ̀wé sì ń rí èyí tó dínwó jù ú lọ. Oṣù kọkànlá tó ti wà lórí pẹpẹ rèé, Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́ kò rọ́kọ.

Ní Mọ́ńdè tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá gan-an ló dá a lápàárá. Ó ní, "Ẹnudùn, bí ọmọ yìí bá pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa, ìyá àgbà la ó máa pè é o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹni tó ń gba ìpè. Ẹnudùn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ó búra lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́ máa relé ọkọ, ì báà jẹ́ ilé ta ni. Ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn ní àárọ̀ Mọ́ńdè?

Nǹkan bí aago mọ́kànlá, ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó mú ìwé kékeré kan dání.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó. Kí la fẹ́ rà?"

"O ṣeun, ọmọ mi. Láàpútọ́ọ̀pù ni. Iṣẹ́ méjì la fẹ́ fi ṣe." Ìyá náà gbé awò sójú, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Àkọ́kọ́, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa. Mo fẹ́ máa fi tẹ ìwé ìpàdé, kí n sì máa fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ìyẹn ò le. Èkejì ni ti bàbá."

Bàbá tó ń wí ni ọkọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi wa tírélà láti ìlú dé ìlú, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dúró ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò fẹ́ gbọ́ràn. Dókítà ní kó máa fi ọwọ́ náà ṣe nǹkan tó bá fẹ́ràn, kí ọwọ́ má bàa gbàgbé iṣẹ́. Bàbá kò sì fẹ́ràn nǹkan kan ju tírélà lọ. Ni awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá fi géèmù kan hàn án, èyí tí wọ́n ti ń wa tírélà lójú kọ̀ǹpútà: títì gígùn, òjò, afárá, ẹrù lẹ́yìn. Ìyá ní látìgbà tí àìsàn ti dé, ìgbà yẹn lòun kọ́kọ́ rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Nítorí náà, ọmọ mi, èyí tó máa gbé géèmù yẹn dáadáa ni kí o fún mi. Ìwé tèmi, èyíkéyìí ló lè tẹ̀ ẹ́."

Kò sí òṣìṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò mọ ìdáhùn. Dúdú Bàǹbà ni. Orí pẹpẹ kejì ló wà, ó nípọn, ó wúwo, ihò atẹ́gùn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bí géèmù bá sì ń lọ lọ́wọ́, á máa pariwo bí fáànù tó ti gbó. Kò rẹwà rárá. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yà tí wọ́n dìídì ṣe fún àwòrán géèmù. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì báyìí, ojú ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ń yà. Iye kan náà ni wọ́n ń ta òun àti Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé owó ló fa ohun tí Ẹnudùn ṣe. Ẹ̀rín àárọ̀ Mọ́ńdè ló fà á.

Ẹnudùn na ọwọ́ sí Dúdú Bàǹbà. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí ọ̀gá tó ń wò ó láti ìdí tábìlì. Ló bá yí ọwọ́ padà, ó gbé Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ gbé e wò, mà. Ṣé ẹ rí i pé kò wúwo? Bàbá lè gbé e lé itan."

"Ó mà dára o. Ṣé ó máa gbé géèmù náà?"

"Á gbé e, mà."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó máa gbé e bí ẹni tí orúnkún ń dùn ṣe ń gbé ẹrù: á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á tún gbé òmíràn. Ẹnudùn mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tó ń ya ìwé tó ní orúkọ rẹ̀ kúrò ní ìdí ẹ̀rọ, ó sì mọ̀ nígbà tí ìyá jáde tán, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, tí ọ̀gá ń kígbe pé, "Ìyá ìyàwó, ẹ kú oríire!" Wọ́n máa ń ní ẹ̀rí ọkàn kì í sùn. Ti Ẹnudùn sùn, ó tiẹ̀ hanrun, fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá náà tún wọlé, Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú báàgì rẹ̀. Kí ìyá tó dé ọ̀dọ̀ Ẹnudùn, Ẹnudùn ti to àwáwí mẹ́ta jọ, àmọ́ kò rí ìkankan lò, nítorí ẹ̀rín ni ìyá ń rín bọ̀.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ẹ̀rọ tí o yàn fún mi yìí ò ní àléébù. Ìwé ìpàdé tí mo fi ń jókòó ọjọ́ méjì, wákàtí kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí."

"Ẹ ṣeun, mà. Bàbá ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá. "Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Bá mi yọ géèmù yẹn kúrò nínú ẹ̀. Bàbá ò fẹ́ rí i mọ́."

"Kí ló dé, mà?"

"Ọwọ́ ni, ọmọ mi. Á tẹ bọ́tìnì pé kí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, kí ọwọ́ tó jíṣẹ́, ọkọ̀ á ti kọlu afárá. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbìyànjú. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó pa á dé, ó ní, 'Màmá, ọwọ́ yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká yéé tan ara wa jẹ.' Ẹni tó wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí kò gbá ẹnikẹ́ni rí."

Ẹnudùn gba báàgì lọ́wọ́ ìyá, ó yọ ẹ̀rọ jáde. Ó ti rò pé bóyá wọn á bínú, pé wọn á bú ẹ̀rọ, pé wọn á wá jà. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnìkan lè gba ẹ̀bi ẹ̀rọ mọ́ra, kó dì í ru ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ bàbá ń jíṣẹ́. Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́ ni kò tètè gbọ́. Ojú ti Ẹnudùn débi pé kò lè wo ìyá.

Ó tan ẹ̀rọ, ó rí géèmù náà. Títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni, á lọ, ìyá á dúpẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ayé. Ẹ jẹ́ n má bo ọmọbìnrin yìí láṣìírí: ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa kó tó gbé e kúrò.

"Mà, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi fúnra mi á gbé e wá sílé lọ́la."

Nígbà tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, tó ní òun fẹ́ bá ìyá pààrọ̀ ẹ̀rọ náà, ọ̀gá kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ ti relé ọkọ, o fẹ́ lọ mú un padà? Kí ló ṣe fún wọn?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Èmi ni mo fi í fún ẹni tí kò yẹ kí n fi í fún. Mo sì mọ̀."

Ọ̀gá wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kó gbé Dúdú Bàǹbà lọ fún wọn, kí Sísí Tẹ́ẹ́rẹ́ padà sórí pẹpẹ, kí orúkọ Ẹnudùn sì padà sí ìdí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bá bàbá ní yàrá iwájú, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí títì. Ìrọ̀rí kan wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sùn lé ìrọ̀rí náà bí ẹrù tí ẹlòmíì ní kó bá òun mú dání.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ìwọ lo ta ẹ̀rọ Màmá fún un? O káre."

Ẹnudùn gbé Dúdú Bàǹbà sórí tábìlì. Ó ti kó gbogbo ìwé Màmá àti géèmù náà sínú rẹ̀. Ó tan géèmù, ó sún tábìlì mọ́ bàbá. Bàbá mirí.

"Má ṣe wàhálà. Ẹ̀rọ tuntun ò lè wo ọwọ́ àtijọ́ sàn."

"Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, sà. Mo ti tún un ṣe."

"Kí lo tún ṣe? Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ọwọ́ ló bàjẹ́."

Ẹnudùn tún fẹ́ purọ́. Irọ́ dídùn kan ti wà lẹ́nu rẹ̀, pé láti ilé iṣẹ́ ni àṣìṣe náà ti wá, pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Ẹnudùn ò tiẹ̀ tíì pé oṣù kan. Ó wo ọwọ́ tó wà lórí ìrọ̀rí, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ọwọ́ yín ò pẹ́. Ẹ̀rọ ló ń pẹ́. Èyí tí mo tà fún Màmá ò ní agbára géèmù, mo sì mọ̀ kí n tó tà á. Èyí tó yẹ yín wà níbẹ̀, mo fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo kàn fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ ni. Ẹ forí jì mí."

Màmá, tó ń gbé omi bọ̀ fún àlejò, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé e lé orí bọ́tìnì. Ìka gbọ̀n, ó tẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tírélà yà sọ́tùn-ún. Ó tẹ ìkejì, tírélà yà sósì. Ó gun orí afárá, ó kọjá láìfara kan irin. Ni bàbá bá bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà.

"Màmá, ẹ wá wò ó! Ó ń gbọ́! Ọwọ́ ń gbọ́!"

Màmá wá, ó fi ọwọ́ lé èjìká ọkọ rẹ̀, wọ́n jọ ń wo títì. Ara tu Ẹnudùn. Ó rò pé ó tán. Ó dìde, ó dágbére, Màmá sì sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," Màmá ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "obìnrin kan láti ilé ìwòsàn máa ń wá láràárọ̀ wá fi eré ìdárayá na ọwọ́ yẹn fún un. Ọjọ́ tí bàbá pa ẹ̀rọ dé ló ní kó má wá mọ́. Ó ní ta ní ń tọ́jú òkú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Dókítà wa sì ti sọ pé àwọn oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyí gan-an ló ṣe pàtàkì. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọwọ́ yẹn ti wà lórí ìrọ̀rí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò bá ọ jà. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, tí mo ní ṣé ó máa gbé e, tí o ní á gbé e, ṣé ojú mi lo ń wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo sì gbà ọ́ gbọ́," Màmá ní. Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn, kí ariwo rẹ̀ má bàa dí bàbá lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń wà.