Sítóòfù Tí Mang Ambo Kò Dán Wò Tán

Lọ́jọ́ tí ìrẹsì rọ̀ láti òkè ní ìlú Gumaca, Mang Ambo kọ́kọ́ ní òun kọ́. Bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá inú perya wa, ìyẹn ọgbà eré alárìnkiri, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé àwọn tó wá ṣọdún lọ sókè, tó sì ń gbé wọn bọ̀ wálẹ̀. Ó ti so sítóòfù gáàsì kékeré kan mọ́ àga kan lára kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé ìkòkò ìrẹsì kaná lórí rẹ̀, ó sì yí i títí ó fi dé òkè pátápátá, níbi tí atẹ́gùn ti le jù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iná máa kú. Iná kú. Ó ní kí òun tètè yí i padà, ni ìkòkò bá dojú dé, ni ìrẹsì tó ti ń tutù bá dà lé ọkọ àti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ìyàwó náà gbọn aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń da ìrẹsì sí ìyàwó lára. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á ti bá wa sè é dé ìdajì."

Mang Ambo kò fi eré ṣe é o. Ọ̀rọ̀ Aling Sidra, ìyàwó tirẹ̀, ni. Perya wa kì í gbé ojú kan. Bí ìlú kan bá ti ṣọdún ẹni mímọ́ rẹ̀ tán, a ó tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀, a ó sì forí lé ìlú mìíràn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni Mang Ambo àti Aling Sidra ń gbé, òkúta mẹ́ta ni Aling Sidra sì fi ń dáná. Lọ́dún náà, ní Pagbilao, ká tó dé Gumaca, òjò pa iná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìkòkò kan ṣoṣo. Ó dìde, ó sì ju ṣíbí sílẹ̀.

"Ambo, ọdún méjìlélógún ni mo ti ń dáná lórí òkúta. Ó tó gẹ́ẹ́. Tí a bá dé Lopez tí mi ò rí sítóòfù tí òjò àti atẹ́gùn ò lè pa, ọ̀dọ̀ Consuelo àbúrò mi ni mò ń lọ. Ilé ìdáná tiẹ̀ nílẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn? Kí ni ilẹ̀kùn fẹ́ ṣe nínú ọbẹ̀?"

"Ó ń tì! Tó bá tì tán, èmi á wà nínú, ìwọ á wà níta."

Mang Ambo, ẹni tí kì í rí bàtà ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè lọ́wọ́ Aling Sidra, bẹ̀rẹ̀ sí ka ìlú lórí ìka. Ìlú mẹ́ta péré ló kù ká dé Lopez.

Ní Atimonan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti sítóòfù. Ó gbé ìkòkò mẹ́ta dání, àti ìrẹsì, àti ẹja gbígbẹ, àti fáànù ńlá tí àwọn onítẹ́tẹ́ bíńgò inú perya wa máa ń lò.

Aling Ising tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kó wá síbí ni?"

"Sítóòfù ni mo fẹ́ rà, ìyá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò."

Kí obìnrin náà tó la ẹnu, Mang Ambo ti tan sítóòfù mẹ́ta, ọ̀kan eléèédú, ọ̀kan kẹrosíìnì, ọ̀kan gáàsì. Ó kọjú fáànù sí wọn. Fáànù fẹ́ òórùn ẹja gbígbẹ náà jáde sí títì. Kò pẹ́ tí awakọ̀ méjì fi wọlé, wọ́n dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì béèrè pé èló ni abọ́ kan. Aling Ising fẹ́ bínú, àmọ́ Mang Ambo ti bu tirẹ̀ fún un, ó sì dùn.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí, ó ń lá ìka. "Èwo lẹ mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mang Ambo ha ìsàlẹ̀ ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ó mi orí. "Kò séyìí tó yege. Ẹ wò ó, ìyá, kò ní ìdí ìkòkò." Lójú tirẹ̀, iná tí kò bá lè sun ìdí ìkòkò, ìyẹn ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kó pupa, kó sì máa ró kàù lẹ́nu, kì í ṣe iná. Ó dúpẹ́, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì lọ. Aling Ising ti fọ abọ́ mẹ́rin kó tó rántí pé ọkùnrin náà ò ra nǹkan kan.

Nígbà tí a dé Plaridel, ó ní àwọn tó ń ṣe sítóòfù ò gbé ojú ọ̀nà rí, òun á ṣe é fúnra òun. Ó ki lẹ́búlẹ́bú pákó sínú agolo bísíkíìtì, ó dá ihò sí i láàárín, ó sì ṣáná sí i. Ó jó dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ kú mọ́. A ti di ẹrù tán, ó ṣì ń jó. A ní kó da omi sí i, ó kọ̀. Ó ní èyí tí omi lè pa ni Sidra ò fẹ́. Bó ṣe gbé e sínú abọ́ irin nìyẹn, tó gbé e sórí ẹrù níwájú ọkọ̀, tó gbé ìkòkò ìrẹsì lé e, tí èéfín sì ń tẹ̀lé wa lọ.

Ọlọ́pàá kan dá wa dúró. "Bàbá! Ọkọ̀ yín ń jóná!"

"Rárá o, ọ̀gá. Ìrẹsì la ń sè. Ó ti fẹ́ jinná."

Ọlọ́pàá náà fa òórùn rẹ̀ símú. "Ṣé ẹja wà níbẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n ṣí ìkòkò, ìrẹsì náà dúdú láti òkè dé ilẹ̀. Mang Ambo sọ gbólóhùn kan tí gbogbo perya ṣì ń sọ títí dòní: "Eléyìí, ìdí nìkan ló ní. Kò ní òkè."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrẹsì wá rọ̀ ní Gumaca. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Aling Sidra nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ká aṣọ sínú àpò, ìyẹn sì dẹ́rù bà wá.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a dé Lopez. Àpò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mang Ambo dúró sínú òjò, omi ń kán ní etí fìlà rẹ̀.

"Sidra, mo ti dán márùn-ún wò. Fún mi ní ìlú kan sí i. Calauag ò jìnnà."

Aling Sidra mú agbòjò, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ó sì nàka sí sítóòfù kẹrosíìnì kékeré kan tí wọ́n fi páànù yí ká. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n.

"Ṣé ó ń tàn?"

"Ó ń tàn, màmá."

Ó sanwó, ó gbé e bọ̀.

Mang Ambo figbe ta. "Sidra! O ò dán an wò!"

"Gbé ìrẹsì wá."

Abẹ́ ọkọ̀ ló ti dáná. Atẹ́gùn ń fẹ́, òjò ń ta sí i. Mang Ambo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ẹnu fẹ́ iná náà lọ́tùn-ún lósì títí òòyì fi kọ́ òun fúnra rẹ̀. Iná náà tẹrí ba, ó sì tún nàró. Nígbà tí ìrẹsì jinná, ìdí ìkòkò náà ṣí kúrò lódindi, ó pupa bí abọ́ amọ̀. Mang Ambo jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan wá sọ sí i lọ́kàn.

"Sidra. Ṣebí Consuelo ní sítóòfù."

"Ó ní méjì."

"Kí lo wá fẹ́ fi eléyìí ṣe lọ́hùn-ún?"

"Ta ló ń lọ sọ́hùn-ún? Ọkùnrin tó gbé ìrẹsì gun kẹ̀kẹ́ nítorí mi, ta ni kí n fi sílẹ̀ fún?"

Mang Ambo kọjú sí táyà, ó nu ojú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Sítóòfù náà ò sì rú èéfín rárá.

Síbẹ̀, Mang Ambo kò gbà fún sítóòfù náà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi dáná lórí rẹ̀, ọdún mọ́kànlá náà ló sì fi ń fi fìlà fẹ́ ẹ kó tó jẹun. Bí a bá bi í pé, "Mang Ambo, ṣé ó ti yege?" á ní, "Mo ṣì ń dán an wò."

Lọ́dún tó kọjá, àyà rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Calauag, ó sì lọ. Abẹ́ tapólì àwọn oníbíńgò la tẹ́ ẹ sí. Àwọn èèyàn ń wá láti ìlú dé ìlú, kálukú pẹ̀lú ìtàn ìrẹsì tirẹ̀, Aling Sidra sì ń se omi atalẹ̀ fún wọn lórí sítóòfù kékeré náà. Ooru mú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹnì kan gbé fáànù ńlá wá, ó tàn án, kò sì mọ̀ pé sítóòfù ló kọjú rẹ̀ sí.

Gbogbo wa yíjú sí sítóòfù. Iná náà tẹrí ba títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sì nàró. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, ni gbogbo abẹ́ tapólì bá bú sẹ́rìn-ín, Aling Sidra náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó sọ omi atalẹ̀ kalẹ̀, ó gbé ìrẹsì kaná. Nígbà tó jinná, ó ha ìdí ìkòkò náà lódindi, ó gbé e sínú abọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

"Ambo," ló wí, "ó yege o. Wá jẹun."