Wọ́n Pe Gáàdì Ọkọ̀ Ojú Irin ní Àjèjì Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin pa dé mọ́ apá ẹ̀wù bàbá arúgbó kan, ọkọ̀ sì gbéra. Ó wọ́ ọ lọ títí dé òpin pèpéle tí èrò máa ń dúró sí. Kí ọkọ̀ tó dúró, Baba Rọra ti kú.

Rọra ni gbogbo wa ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe gáàdì nínú ọkọ̀ tó ń ná àwọn ìlú kéékèèké wa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gáàdì ni ẹni tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ibùdó, tó máa wo iwájú, tó máa wo ẹ̀yìn, tí kò sì ní fun fèrè kí ọkọ̀ gbéra àfi tí ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn bá ti wọlé tán. "Rọra, ìyá. Rọra, ọmọ mi. Ọkọ̀ ò ní sá lọ, ọwọ́ mi ni fèrè wà." Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo ń lọ sílé ìwé. Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí èmi àtìyàwó mi ń gbé àkọ́bí wa bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi kí n lè ráyè fa ìyá rẹ̀ gòkè, ó wo ojú rẹ̀ fínnífínní, ó ní, "Èyí ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọ̀gá rélùwéè kó kóòṣì tuntun dé, ìyẹn àwọn yàrá ọkọ̀ tí èrò máa ń jókòó sí. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, wọ́n ya fọ́tò. Àwọn kóòṣì àtijọ́, tí àtẹ̀gùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ni wọ́n wọ́ lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, koríko sì ti ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mi ò bá nǹkan tuntun jà. Kóòṣì náà mọ́, kì í jò, ìjókòó rẹ̀ tura. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé: wọn ò ṣe é fún pèpéle tiwa. Pèpéle wa rẹlẹ̀. Láti orí rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn kóòṣì, ó ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, àlàfo tó sì wà láàárín lè gbé ọmọ ọdún mẹ́ta mì. Ṣé ní gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá yẹn, kò sẹ́ni tó ní téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni? Télọ̀ tó ń rán ṣòkòtò ọmọdé gan-an, kì í gé aṣọ láì wọn ọmọ.

Dírẹ́bà ló sì ń ti ilẹ̀kùn tuntun yìí láti iwájú, ni wọ́n bá ní kò síṣẹ́ fún gáàdì mọ́. Lẹ́tà onílà méje ni wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba Rọra. Wọ́n tún ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyá kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ṣubú sínú àlàfo náà, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ilé Baba Rọra ò ju ẹ̀yìn téṣàn lọ. Ibi tó ti ń fá irùngbọ̀n ló ti gbọ́ igbe, tòun ti ọṣẹ lójú ló sáré jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè jókòó sílé. Ó kan àpótí onígi kan, ó fi rọ́bà bo orí rẹ̀ kó má baà máa yọ̀, àràárọ̀ ló ń gbé e lọ sí pèpéle. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, á gbé àpótí sẹ́nu ilẹ̀kùn, á na ọwọ́. "Rọra."

Ó kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò dáhùn àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn yóò gbé ìkejì yẹ̀ wò. Èsì ìkẹta ni pé kó yé gbé ohun tí ilé iṣẹ́ ò fọwọ́ sí wá sórí pèpéle, pé àpótí náà léwu. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà ló ń bínú sí ẹni tó fi pákó bò ó.

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin bàbá yìí, wọ́n ti ní kí ẹ má wá mọ́."

"Ìyá wọn, bí mi ò bá lọ, ta ni yóò lọ?"

Ó wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa wọ́n. "Ọmọ mi, ìwọ lò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Bá mi fi síbẹ̀. Bóyá wọ́n á gbọ́ tìẹ." Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Baba. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, rẹfirí bọ́ọ̀lù kan ni mo bú látòkè délẹ̀. Oṣù márùn-ún rèé. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni lẹ́tà náà ṣì wà. Bí mo bá ń nàka sí àwọn ẹlòmíràn lónìí, ẹ má rò pé mi ò mọ̀ pé ọwọ́ tèmi náà ò mọ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó tún gbé báàgì méjì, ló gbẹ̀yìn. Òun ló sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀: "Baba fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn mi wọlé. Mo yíjú padà pé kí n dúpẹ́, ilẹ̀kùn ti pa dé. Mo rí ojú wọn nínú gíláàsì. Mò ń gbá ilẹ̀kùn, gbogbo wa ń pariwo, ọkọ̀ ń lọ."

Dírẹ́bà jókòó sílẹ̀ nínú òjò. "Mi ò rí wọn. Pèpéle yìí tẹ̀, dígí mi kì í fi kóòṣì ẹ̀yìn hàn mí. Mo ti sọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún wọn." Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn tó ta okùn ńkọ́? Ara tiwọn rọ̀ wọ̀ọ̀ nínú ọ́fíìsì.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara téṣàn: ilé iṣẹ́ bá ẹbí kẹ́dùn lórí ikú "àjèjì kan tó wọ orí pèpéle láì gbàṣẹ."

Àjèjì! Lórí pèpéle tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fun fèrè!

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ já ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ọkọ rẹ̀ lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó fi ṣiṣẹ́ lára ògiri, tòun ti férémù rẹ̀, ó gbé e lọ sí olú ilé iṣẹ́. Èmi ni mo sìn ín lọ. Ọmọbìnrin kan ló wà lórí káńtà.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò níbẹ̀," ni ìyá wí.

"Ẹ má bínú, mà. Kọ̀ǹpútà ló pín in bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: òṣìṣẹ́, èrò ọkọ̀, àjèjì. Bàbá kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, wọn ò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Ṣé kọ̀ǹpútà yín ò wá láyè fún èèyàn ni?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. Kì í ṣe òun ló jẹ̀bi, mo sì rí i pé ojú ń tì í. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ọ̀gá wà nípàdé. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyá gbé férémù lé itan, títí tí wọ́n fi wá ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá rélùwéè, ta ló fọwọ́ sí kóòṣì tí kò bá pèpéle wa mu? Ta ló ka lẹ́tà mẹ́ta, tó jẹ́ pé àpótí ló rí fòfin dè? Ta ni dírẹ́bà sọ̀rọ̀ dígí fún, tó dákẹ́? Orúkọ wọn la fẹ́. A fẹ́ kí wọ́n wá dúró níwájú wa, lórí pèpéle yẹn, kí wọ́n ṣàlàyé. Ẹ má gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún wa o. A mọ ìgbìmọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń sùn. Kí ẹ sì kọ ìwé mìíràn, kí ẹ pe òkú náà lórúkọ rẹ̀, kí ẹ má ṣì í kọ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé mi ò ní ju gègé ọwọ́ mi lọ. Láàárọ̀ àná, mo lọ sọ fún ìyá pé mo ti ń kọ ọ́. Ó ń gbá iwájú ilé. Kò dúró, kò gbójú sókè.

"Bí o bá kọ ọ́ tán," ó ní, "ṣé wọ́n á kà á?"

Ẹ̀yin ọ̀gá rélùwéè ló ń bi. Ẹ dá a lóhùn.