Àtẹ̀gùn Mẹ́jọ fún Kóòṣì Méjì

Eyín ni mò ń ṣe jẹun. N kì í yọ eyín o, àwọn tó ń yọ ọ́ wà lọ́tọ̀. Èmi ni wọ́n máa ń wá bá nígbà tí ẹnu bá ti ṣófo, kí n bá wọn mọ eyín tí yóò jókòó síbẹ̀. Yàrá kan nínú ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo fi ṣe ibi iṣẹ́. Ó ní fèrèsé ńlá kan, àti tábìlì tó kún fún ìda, fáìlì wẹ́wẹ́, píláyà àti wáyà tó tín-ín-rín. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkòtún tàbí Ìgándò, tí àjèjì kan sì rẹ́rìn-ín níwájú mi, mo máa ń wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, bóyá iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi, tó gba apá ọ̀tún wọn, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbé àga wọn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú yàrá iṣẹ́ náà. Nígbà ayé ìyá mi, kò sẹ́ni tó jẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú ilé wa, torí ìyá mi kò lè fara da ooru rárá, ibẹ̀ ni ìjókòó wọn. Ọdún karùn-ún rèé tí wọ́n ti lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé bàbá mi síbẹ̀, wọ́n wo àga náà títí kí wọ́n tó gbà láti jókòó.

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Òun ló fà mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.

“Mummy, ẹ má jẹ́ kí Daddy dákẹ́ o,” ó ní. “Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ sọ, ẹ rí i pé ó yé yín. Tí ọ̀rọ̀ èèyàn ò bá ti yé ẹnikẹ́ni, ó máa ń sú u ni jàre. Á kàn panu dé. Tó bá sì ti pa á dé, ṣíṣí ẹ̀ máa ń le gan-an.”

Ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá bí ẹni ń ka lẹ́tà ìjọba. Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Ìka òsì kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí àmì kankan lórí rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí gbólóhùn kan bá ti wá, òun náà ni wọn yóò máa tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́nu, ìkùn lásán ni, bí ẹni ń kọrin tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń gbé lókè òkun ló fi páálí kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Kóòṣì méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí èrò réluwéè máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n àwòṣe kékeré ni, tí kò gùn ju láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Ara wọn pupa, òrùlé wọn funfun, àga wẹ́wẹ́ sì tò sínú wọn. Àbúrò mi mọ ìdí tó fi rà wọ́n. Bàbá wa ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe káfíńtà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tún kóòṣì ṣe. Àga ni o, ilẹ̀kùn ni o, fèrèsé ni o, pákó tí èrò ń tẹ̀ wọlé ni o, kò sí èyí tí ọwọ́ wọn kò kàn.

Mo gbé ọ̀kan lé wọn nítan. Wọ́n fi ọwọ́ òsì pa á lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú wọn dí. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ń wọlé bọ̀, ó gba inú kóòṣì náà kọjá, ó sì ta sí ògiri yàrá mi bí fìtílà kéékèèké tó tò lọ gbọọrọ. Fún ìgbà díẹ̀, ó ṣe mí bíi pé àwa la jókòó tí ilé ń rìn. Lẹ́yìn náà fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì. Bàbá mi ni, nínú yàrá kan náà.

“Ategun da.”

Mo yí kóòṣì náà padà. Òótọ́ ni! Lábẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ike pẹlẹbẹ kan ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ bí àpá ọgbẹ́. Kò sí àtẹ̀gùn gidi kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ náà, àfi kó fò. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Bàbá, ojú káfíńtà yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Màá ṣe é fún yín.”

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n sọ ti yé mi, mo sì ní ọwọ́ tí mo fi lè dá wọn lóhùn. Kóòṣì méjì, ilẹ̀kùn mẹ́jọ, àtẹ̀gùn mẹ́jọ. Ìpele méjìméjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní. Mo wá àwòrán kóòṣì àtijọ́ lórí fóònù, mo wò wọ́n títí wọ́n fi wọ inú oorun mi. Mo fi ọ̀bẹ yọ ike pẹlẹbẹ náà kúrò. Agolo mílíìkì ni mo gé fún ìpele. Wáyà tí mo fi ń ṣe ìkọ́ eyín ni mo fi ṣe apá tí ìpele yóò fi rọ̀. Mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ eyín lu ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo kán gọ́ọ̀mù sí i, mo sì mú èémí dúró títí ó fi gbẹ. Àwọn tó ní eyín lọ́dọ̀ mi ń pè. Mo ní kí wọ́n ṣì máa mu ẹ̀kọ ná.

Ọ̀sán wọ̀nyẹn dùn. Eruku agolo ń tàn nínú oòrùn, bàbá mi ń tòògbé, mo sì ń rí ara mi nínú ọkàn mi, ní kékeré bí èèrà, tí mò ń gun àtẹ̀gùn náà wọlé lọ jókòó. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo máa ń rò pé mo gbọ́ fèrè réluwéè láti ọ̀nà Agége. Bóyá mo gbọ́ ọ lóòótọ́, n kò mọ̀.

Àtẹ̀gùn mẹ́rin àkọ́kọ́ gùn jù, wọn kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà yí. Mo tú wọn, mo tún wọn ṣe. Nígbà tí mo parí kóòṣì kan, mo gbé e lé wọn nítan bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún bàbá rẹ̀. Wọ́n fi ìka kan àwọn ìpele náà, wọ́n mi orí. Mo ti ń yangàn. Fóònù mi gbọ̀n.

“Ategun da.”

Mo rò pé ti kóòṣì kejì ni wọ́n ń bèèrè. Mo ṣe é. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: ategun da. Ó dáa, bóyá kò jọ ti gidi tó. Mo fi abẹ́rẹ́ fa ìlà wẹ́wẹ́ sára ìpele kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí kì í jẹ́ kí bàtà yọ̀. Mo fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo kùn wọ́n ní dúdú. Ojú ń ro mí, ọrùn mi ti gan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e. Mo tún gbé e fún wọn.

“Ategun da.”

Oníbìínú èèyàn ni mí, n kò ní í pa irọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, “Bàbá, àtẹ̀gùn wo lẹ tún ń wá? Ṣé ti ọ̀run ni?”

Bí ó ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé ẹyin ti fọ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ òsì mú fóònù wọn, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan, wọ́n sì yí ojú sí fèrèsé. Ọjọ́ náà kọjá, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Ọjọ́ kejì, kò sí. Ọjọ́ kẹta, wọn kò kùn mọ́ pàápàá. Mo bẹ̀bẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ṣe ẹ̀fẹ̀, wọn kò gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà ń dún létí mi. Èmi tí mò ń ṣe ẹnu fún gbogbo agbègbè Alimosho, èmi ni mo pa ẹnu bàbá mi dé.

Ọjọ́ kẹrin jẹ́ Sátidé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́yìn ọgbà wa (ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀yìn ọgbà ta ni ṣọ́ọ̀ṣì kò sí?), àwọn akọrin wọn sì máa ń ṣe ìgbáradì ní ọ̀sán Sátidé. Ooru mú, kò sí iná, ẹja tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dín ń ta sánsán láti ilé ìdáná. Mo ń fi fáìlì ha eyín oníbàárà kan. Ọ̀gá akọrin ń kọ́ àwọn tuntun: dò, re, mí. Mí, re, dò. Wọ́n ń gbà á tẹ̀lé e, ohùn wọn ń wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn.

Nígbà náà ni bàbá mi kùn. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ojú wọn dí, ó jọ pé oorun ti gbé wọn lọ díẹ̀.

Re, mí, dò. Wọ́n dúró. Dò.

Mo gbé fáìlì sílẹ̀. Dò-re-mí yẹn náà ni tíṣà fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé. Àtẹ̀gùn dà, dò ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gòkè rárá. Èyí tí bàbá mi kùn gòkè, ó tún sọ̀. Atẹ́gùn dà? Atẹ́gùn! Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá láti ọjọ́ yìí, èmi ń fi agolo mílíìkì dá wọn lóhùn.

Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Nígbà tí ìyá mi lóyún mi, àwọn méjèèjì wọ réluwéè láti Ọ̀ffà wá sí Èkó. Ọkọ̀ kún, fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn há, ooru sì fẹ́ pa ìyá mi. Wọ́n ní, “Atẹ́gùn dà?” bí ẹni pé bàbá mi ló jí i pamọ́. Bàbá mi yọ ṣíbí nínú ẹrù, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ já fèrèsé náà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì wọlé dé ibi tí mo wà nínú ikùn. Láti ìgbà náà, bí ooru bá mú nínú ilé wa, ìyá mi kò ní sọ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. “Atẹ́gùn dà?” ni wọn yóò wí, bàbá mi yóò sì dìde, kódà bí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ ọ dàgbà. Mo sì gbàgbé rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún.

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo gbé kóòṣì méjèèjì sórí tábìlì. Fèrèsé wọn, ike tó mọ́ gaara ni wọ́n fi dí gbogbo rẹ̀ pa. Mo mú irinṣẹ́ mi tó tín-ín-rín jù lọ, mo yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Nígbà tí mo parí, ojú ọ̀run ti ń ṣú níhà Ìpájà. Mo ṣí fèrèsé yàrá gbayawu, mo sì gbé kóòṣì kan dúró níwájú ojú bàbá mi.

Afẹ́fẹ́ òjò dé. Ó gba inú ọkọ̀ kékeré náà kọjá, ó sì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

“Atẹ́gùn rèé, Bàbá,” mo ní. “Ẹ má bínú sí mi.”

Wọ́n la ojú. Omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá ẹnu wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ìka òsì méjì. Ìka kan tẹ ìpele ìsàlẹ̀, èkejì tẹ ti òkè, wọ́n gun àtẹ̀gùn mi wọlé, ó sì gbà wọ́n láìmì. A wà bẹ́ẹ̀ títí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn akọrin ń kọrin. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n sì kùn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Re, re, re.

Ó lè jẹ́ “ẹja mi”, torí òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé. Ó sì lè jẹ́ “ọmọ mi”. Ohùn kan náà ni méjèèjì. N kò bèèrè. Mo lọ bu ẹja wá fún wọn, mo sì mú “ọmọ mi” fún ara mi.