Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì àti Olóyè, Ẹṣin Agénijẹ

Bí ẹ bá dé Ọ̀kà lónìí tí ẹ dárúkọ Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, ọ̀rọ̀ gèlè Màmá Eunice ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ ni. Màmá Eunice, ìyá ọkọ Màdáámù Ilésanmí tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ń rọra lọ jókòó. Àfi bí Olóyè, ẹṣin tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹṣin gígùn, ṣe na ọrùn, tó fi eyín gbá gèlè mú, tó sì ṣí i kúrò lórí màmá níṣojú pásítọ̀. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, olùtọ́jú ẹṣin, sáré dé. Gbogbo ènìyàn rò pé àforíjì ló fẹ́ tọrọ.

"Màmá, ṣé ẹ kí i?" ló béèrè.

"Kí n kí ta ni?"

"Olóyè! Ẹ kàn ń kọjá lọ báyìí. Wàláhì, ní Ìkàrẹ́ tiwa, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ dán an wò."

Ọjọ́ náà gan-an ni Màdáámù búra pé bí ẹṣin yẹn bá tún fi eyín kan ẹnikẹ́ni, òun yóò tà á fún àwọn alápatà. Ọ̀rọ̀ alápatà kì í ṣe àwàdà létí Bàbá. Òun ló tọ́ Olóyè láti kékeré. Ohun tí kò lè bá Hanifah ìyàwó rẹ̀ sọ, ó ń bá ẹṣin sọ ọ́.

Christiana, tíṣà eré ìdárayá, ni Màdáámù ní kó wá nǹkan ṣe sí i kí ọjọ́ ìdíje eré tó pé. Christiana fẹ́ràn Bàbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé agídí rẹ̀ ju ti ẹṣin lọ.

Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bàbá ti kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo. Láràárọ̀, wọn a kúnlẹ̀ níwájú Olóyè, "Ẹ káàárọ̀, sà!", wọn a sì na súgà, ẹ̀pà tàbí bísíkíìtì sí i. Olóyè wá gbà pé kò sí ọwọ́ tí kò ní oúnjẹ nínú. Bí ọwọ́ bá ṣófo, ọwọ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló ń jẹ. Orí ọmọ tó sì kúnlẹ̀, ọ̀gangan ẹnu rẹ̀ ló máa ń wà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa da oúnjẹ rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì," Christiana bẹ̀ ẹ́. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ bọ́ ọ mọ́."

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì? Olóyè? Tíṣà, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

Agídí náà ò mọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí Bàbá gun ẹṣin lọ sókè Ọ̀kà, Olóyè fa ẹ̀wù ọlọ́kadà kan ya. Ọlọ́kadà bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ jà.

Bàbá wò ó láti orí gàárì. "Hóònù tí o fọn sí i létí yẹn, ṣé bí o ṣe ń kí bàbá rẹ nìyẹn?"

Kí Bàbá tó jẹ́ kí ọlọ́kadà náà lọ, ọlọ́kadà ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹṣin. Christiana tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ohun tí ẹnu Christiana kò lè ṣe, eyín Olóyè ló ṣe é. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí súgà tán nílé Bàbá, tó wá wọ ilé ẹṣin lọ́wọ́ òfo. Ó kí Olóyè, ó yí ẹ̀yìn padà láti mú gàárì. Igbe tó ta dé inú kíláàsì. Christiana sáré dé, ó bá a tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí mú.

"Eéwo ni," Bàbá sọ.

"Eéwo tó ní eyín, Bàbá?"

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ yí padà. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má sọ fún Màdáámù. Wọn á pa á."

Christiana kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an. "Mi ò ní sọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Bàbá mí kanlẹ̀. "Wá èyí tó dáa o. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú àwọn ọmọ, nítorí kò lè jókòó. "Olóyè ti di Alhaji," ó kéde. "Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé mọ́. Ẹ má sì kúnlẹ̀ fún un mọ́, Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀, ẹ kí i níbẹ̀." Àwọn ọmọ gbọ́ràn. Bí Olóyè bá tún na ẹnu, Christiana á fi ìjánu yí orí rẹ̀ padà jẹ́jẹ́. Bí ó ṣe gbàgbé ọwọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ kékeré kan, gùn ún yí pápá ká. Nígbà tí wọ́n dé iwájú Màmá Eunice, màmá fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú. Olóyè kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màdáámù pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ alápatà parí.

"Ṣé o rí i?" Bàbá sọ fún Christiana, omi lójú rẹ̀. "Mo ti ń sọ fún yín, ẹṣin yìí kì í gé ènìyàn jẹ."

Nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, Bàbá sùn, kò jí mọ́. Kí ìrun Àsárì tó pé, wọ́n ti sin ín sí Ìkàrẹ́. Hanifah fa Christiana sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, ẹ bá wa lọ sọ fún Olóyè. Kò dáa kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta."

Christiana ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́nà títí ó fi dé Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dúró níwájú ẹṣin, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ó sọ. "Bàbá ti lọ."

Olóyè wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹnu lé Christiana léjìká. Christiana dijú, ó ń dúró de eyín; ó tilẹ̀ wù ú kó gé òun jẹ, kí òun lè rí nǹkan di ẹ̀bi ẹkún òun rù. Eyín kò dé. Ó di ẹṣin náà lọ́rùn mú, ó sì sunkún Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì tẹ́rùn.